Ẹsẹ̀ Tí Kò Mọ Iná

Tìrìmísíyù ló kọ́kọ́ lu Ùsmán. Kò sẹ́ni tó wà ní garáàjì Benson lọ́jọ́ náà tó lè sọ pé òun ò rí i. Lọ́sàn-án gangan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń ta búrẹ́dì, ó fi pákó gbá a lẹ́nu, eyín fò jáde. Ó fẹsẹ̀ tẹ ọrùn rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní kó bẹ òun lójú gbogbo ayé. Ùsmán bẹ̀ ẹ́. Ìyàwó Ùsmán dúró níbẹ̀, ó káwọ́ lérí, ó ń sunkún. Àwọn tó ń ra ọjà yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ń bá tiwọn lọ, nítorí kò sẹ́ni tó fẹ́ kí Tìrìmísíyù yíjú sí òun.

Ọ̀rẹ́ ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ làwọn méjèèjì, ilé kéú kan náà ni wọ́n jọ lọ, ọjọ́ kan náà ni wọ́n kúrò nílé wá sí Ìkòròdú láti wáṣẹ́. Garáàjì ló gbà wọ́n. Tìrìmísíyù ga, apá rẹ̀ tóbi bí itan ẹlòmíì, kò sì pẹ́ tó fi di ẹni tí wọ́n ń rán sí ẹnikẹ́ni tó bá ṣagídí. Nígbà tí garáàjì pín sí méjì, Ùsmán bá àwọn tó tẹ̀ lé ọ̀gá tuntun lọ. Ohun tí Tìrìmísíyù torí ẹ̀ lù ú nìyẹn. Ó ní ọ̀tá tó ti òde wá kò dun òun tó ọ̀rẹ́ tó yí padà.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni Ùsmán padà wá. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán, èrò ń tú jáde ní mọ́ṣáláṣí, ni ariwo bá sọ lápá ibi tí àwọn ọlọ́kadà máa ń dúró sí. Àwọn ọmọ ọ̀gá tuntun ya wọ garáàjì pẹ̀lú àdá àti ìgò fífọ́. Tìrìmísíyù fa irin gbọọrọ kan yọ lábẹ́ bẹ́ǹṣì, ó sì lọ pàdé wọn. Ó fọ́ ọrùn ọwọ́ ẹni tó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àdá bọ́ sílẹ̀. Ó gbá èkejì lórúnkún, ìyẹn wó, ó ń pariwo orúkọ ìyá rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ti bo gbogbo iwájú ẹ̀wù Tìrìmísíyù, kì í sì í ṣe ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yìn ni kò wò.

Ó dà bíi pé ẹnì kan fi ẹ̀ṣẹ́ gbá a láàárín èjìká méjèèjì. Ó fẹ́ yí padà kó dá onítọ̀hún lóhùn. Orí rẹ̀ yí, àyà rẹ̀ yí, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ kò yí. Ó wó lulẹ̀ bí àpò sìmẹ́ǹtì. Níbi tó dùbúlẹ̀ sí, ó rí Ùsmán tó dúró lé e lórí, ẹnu rẹ̀ ṣì wú nítorí lílù ọjọ́sí, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Ọ̀bẹ náà ṣì wà lẹ́yìn Tìrìmísíyù. Ùsmán wò ó díẹ̀, ó sì sá lọ.

Ẹwàolúwa, tó jẹ́ igbákejì Tìrìmísíyù ní garáàjì, ló dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó gbá èkù ọ̀bẹ mú.

Obìnrin kan tó ń ta oògùn nítòsí kígbe pé, "Ẹ má fà á yọ o! Ẹ má gbé e bẹ́ẹ̀! Ẹ jẹ́ kó dùbúlẹ̀ gbọọrọ!"

Ẹwàolúwa fà á yọ. Wọ́n mú Tìrìmísíyù lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀, wọ́n ká a bí ẹní, wọ́n sì fi sáàárín ẹni méjì lórí ọ̀kadà. Orí rẹ̀ ń gbọ̀n síwá sẹ́yìn dé ilé ìwòsàn. Ó ń rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tó ń wọ́ lórí ọ̀dà, tí bàtà bọ́ lára ọ̀kan, ó sì ń rò ó pé ẹsẹ̀ ta nìyẹn.

Dókítà Lateefat ló tọ́jú rẹ̀. Obìnrin kúkúrú ni, kì í pariwo, kì í sì í parọ́ fún aláìsàn. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ti dá, tí Tìrìmísíyù sì ti lè sọ̀rọ̀, ó fa àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mùsílímátù, ìyàwó Tìrìmísíyù, dúró lápá kejì.

Dókítà ní, "Bàbá Hanifah, ẹ fọwọ́ kan ẹ̀yìn ọrùn yín. Eegun tó yọ gọngọ yẹn, ẹ rí i? Láti ibẹ̀ dé ìdí, eegun kéékèèké ni Ọlọ́run tò léra wọn, ihò sì wà láàárín wọn. Okùn kan gba inú ihò yẹn kọjá. Ó funfun, ó rọ̀, kò nípọn ju ọmọ ìka ọwọ́ yín lọ. Láti inú ọpọlọ ló ti ń sọ̀ kalẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ gbé ẹsẹ̀, òun ló ń gbé àṣẹ yẹn lọ. Tí nǹkan bá dun ẹsẹ̀, òun ló ń gbé ìròyìn ẹ̀ wá sókè."

"Ọ̀bẹ gé e?"

"Ó gé e dé ìdajì. Apá ọ̀tún."

"Ẹ rán an nígbà náà."

"Kò ṣeé rán. Awọ máa ń jinná, eegun náà máa ń so padà. Okùn yẹn kì í so."

Ó mú abẹ́rẹ́, ó gún ẹsẹ̀ ọ̀tún Tìrìmísíyù. Tìrìmísíyù kígbe, ó dùn ún wọra. Dókítà ní kó gbé ẹsẹ̀ náà. Ó fún eyín pọ̀, òógùn bò ó, ẹsẹ̀ kò mì. Ó gún ẹsẹ̀ òsì. Tìrìmísíyù mọ̀ pé nǹkan fara kan òun, ṣùgbọ́n kò dùn ún rárá. Dókítà ní kó gbé ìyẹn náà, ẹsẹ̀ sì gbéra díẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Dókítà da omi gbígbóná sínú ìgò kan, ó da omi tútù sí òmíràn, ó ń fi wọ́n kan ẹsẹ̀ òsì náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Tìrìmísíyù kò mọ èwo lèwo.

Mùsílímátù ní, "Dókítà, kò yé mi. Èyí tó ń rìn ò mọ ìrora, èyí tó mọ ìrora ò lè rìn?"

"Bó ṣe rí gan-an nìyẹn, ìyá. Àṣẹ tó ń lọ sí ẹsẹ̀ ọ̀tún, apá ọ̀tún okùn náà ló ń gbà lọ. Ṣùgbọ́n ìrora àti ooru tó ń bọ̀ láti ẹsẹ̀ òsì, tó bá ti wọ inú ẹ̀yìn báyìí, ńṣe ló máa sọdá sí apá ọ̀tún kó tó máa gòkè lọ. Ojú kan náà ni ọ̀bẹ ti bá àwọn méjèèjì." Ó yíjú sí Tìrìmísíyù. "Ẹsẹ̀ òsì yẹn, ojú ni kẹ́ ẹ máa fi ṣọ́ ọ. Tí iná bá ń jó o, kò ní sọ fún yín."

Tìrìmísíyù bi í bóyá bí wọ́n ṣe gbé òun lórí ọ̀kadà ló ba nǹkan jẹ́. Dókítà ní èyí tí ọ̀bẹ ṣe àti èyí tí gbígbé ṣe, kò sẹ́ni tó lè yà wọ́n sọ́tọ̀ mọ́, pé ẹni tí nǹkan bá bá ní ẹ̀yìn tàbí ọrùn, ńṣe ló yẹ kí wọ́n tẹ́ ẹ sórí pákó gbọọrọ kí wọ́n sì má jẹ́ kó tẹ̀. Tìrìmísíyù yíjú sí ògiri.

Nígbà tí ilé ìwòsàn ní kó máa lọ, kò sí bó ṣe fẹ́ padà sí Benson. Mùsílímátù gbé e lọ sí Ẹ̀jìnrìn, létí ọ̀sà, níbi tí ìyá Mùsílímátù ti fi ìyẹ̀wù kan àti àtíbàbà tí wọ́n ti ń yan ẹja sílẹ̀ fún un. Hanifah ọmọ wọn wà lọ́dọ̀ ìyá Tìrìmísíyù ní Ẹ̀pẹ́. Wọ́n ní kó ṣì wà níbẹ̀ ná, nítorí ilé kò rọgbọ.

Kò rọgbọ lóòótọ́. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n kì bọ ojú ara rẹ̀ ni Tìrìmísíyù fi ń tọ̀. Kò lè dá wẹ̀. Ó ń fi igi ìtìlẹ̀ méjì rìn díẹ̀díẹ̀, ẹsẹ̀ òsì níwájú, kó wá wọ́ ọ̀tún tẹ̀ lé e, kó tó dé ẹnu ọ̀nà ó ti rẹ̀ ẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹsẹ̀ ọ̀tún tó ti kú náà ṣàdédé ta pá, ó ta ìbora dànù. Mùsílímátù sáré wọlé, ó ní alhamdulillah, ẹsẹ̀ ti jí! Inú Tìrìmísíyù dùn débi pé ó sunkún. Nígbà tí wọ́n pe dókítà lórí fóònù, ó ní kì í ṣe pé ó jí. Ó ní apá ìsàlẹ̀ okùn náà ṣì wà láàyè, ṣùgbọ́n àṣẹ láti òkè kì í dé ibẹ̀ dáadáa mọ́, ó wá ń dá ta fúnra rẹ̀.

Ọjọ́ yẹn ni Tìrìmísíyù sọ abọ́ lu ìyàwó rẹ̀. Abọ́ náà là á níwájú orí. Kò bẹ̀ ẹ́. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, nígbà tí Mùsílímátù ń yí rọ́bà ìtọ̀ rẹ̀ padà tó sì fà á jù, Tìrìmísíyù gbá a létí, apá rẹ̀ kò kúkú sọ agbára nù. Mùsílímátù ṣubú lu ògiri. Ó dìde, ó parí ohun tó ń ṣe, kò sọ nǹkan kan. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ yẹn tún bí Tìrìmísíyù nínú. Gbogbo ìbínú náà, orúkọ Ùsmán ló ń pè é. Tó bá dùbúlẹ̀, ó máa ń fọwọ́ kan àpá tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó máa ń wá eegun tó wà lókè rẹ̀ àti èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, títí ó fi mọ ojú ibẹ̀ bó ṣe mọ ojú ara rẹ̀. Ó ránṣẹ́ sí Ẹwàolúwa pé kí wọ́n wá Ùsmán rí fún òun.

Wọ́n rí i ní Àgbówà, níbi tó ti ń báni ro oko ẹ̀gẹ́. Lọ́jọ́ kan lẹ́yìn ìrun Àsárì, tí Mùsílímátù ti lọ pàdé àwọn apẹja létí omi, Ẹwàolúwa àti ọmọ garáàjì méjì wọ́ ọ wọ àtíbàbà. Wọ́n ti lù ú lójú ọ̀nà. Ojú rẹ̀ kan ti dí, wọ́n sì fi okùn di ọwọ́ rẹ̀ níwájú. Ààrò ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ẹja tẹ́ lórí wáyà, èéfín gba gbogbo ibẹ̀. Tìrìmísíyù jókòó sórí bẹ́ǹṣì nítòsí iná náà.

Ẹwàolúwa ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀bùn yín dé." Ó ti Ùsmán dojú bolẹ̀ síwájú rẹ̀, ó fa ẹ̀wù rẹ̀ ya, ó sì na ọ̀bẹ sí Tìrìmísíyù. "Ẹ ṣe é bó ṣe ṣe yín. Ẹ má pa á o. Ẹ jẹ́ kóun náà máa wọ́lẹ̀."

Tìrìmísíyù tẹ̀ síwájú lórí bẹ́ǹṣì. Ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn ọrùn Ùsmán, ó rí eegun tó yọ gọngọ. Ó ń fi ìka tọ eegun wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ara Ùsmán ń gbọ̀n lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

"Tìrì," ni Ùsmán wí, iyẹ̀pẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀. "Tìrì, pa mí. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́, pa mí kàkà kó o ṣe mí bẹ́ẹ̀."

Ìka Tìrìmísíyù dé ojú ibẹ̀. Ó fi ẹnu ọ̀bẹ sí i. Ó tẹ̀ ẹ́, awọ là, ẹ̀jẹ̀ ṣàn gba ìhà Ùsmán wálẹ̀. Ùsmán ké, ìtọ̀ bọ́ lára rẹ̀, òórùn rẹ̀ gba ilẹ̀. Tìrìmísíyù mọ òórùn yẹn. Lára tirẹ̀ ni ó máa ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́.

Ó wo ìsàlẹ̀. Ìka ẹsẹ̀ Ùsmán ń wa ilẹ̀, gbogbo wọn, tọ̀tún tòsì, wọ́n ń wa iyẹ̀pẹ̀ bíi pé wọ́n fẹ́ gbẹ́ ihò sá wọ̀. Tìrìmísíyù kò lè gbójú kúrò lára wọn. Ó pẹ́ tó ti rí ìka ẹsẹ̀ tó ń sáré báyẹn. Ó gbé ọ̀bẹ kúrò.

"Ẹ tú u sílẹ̀."

Ẹwàolúwa rò pé òun ò gbọ́ dáadáa. "Ẹ̀gbọ́n?"

"Mo ní ẹ tú u. Kó máa lọ."

"Láti Àgbówà la ti gbé e wá! Ẹ̀yin lẹ ní ká wá a! Ṣé kí gbogbo Benson máa fi wá ṣẹ̀sín ni?" Ó já ọ̀bẹ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. "Tẹ́ ò bá lè ṣe é, ẹ wòran." Ó kúnlẹ̀ lé Ùsmán nídìí, ó sì gbé ọ̀bẹ sókè.

Tìrìmísíyù ju ara rẹ̀ sílẹ̀ látorí bẹ́ǹṣì. Gbogbo ara ńlá yẹn já lu Ẹwàolúwa, àwọn méjèèjì yí gbirigbiri lọ sẹ́nu ààrò. Ọ̀bẹ ha Tìrìmísíyù ní apá, kò tú ọwọ́. Ó fi apá kan há Ẹwàolúwa lọ́rùn, ó ń fún un pọ̀. Àwọn ọmọ garáàjì méjì náà mú igi, wọ́n ń lù ú lórí, lẹ́jìká, níhà. Eegun ìhà kan kán, ó gbọ́ dídún rẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta fúnra rẹ̀, ó ta wáyà ẹja dànù, ẹyin iná fọ́n ká. Kò tú ọwọ́ síbẹ̀. Ojú Ẹwàolúwa ti ń yọ.

Òórùn ẹran tó ń jó gba imú Tìrìmísíyù. Ó rò pé ẹja Mùsílímátù ni.

Lójijì, lílù náà dáwọ́ dúró. Àwọn ọmọ méjì náà ń wo ìsàlẹ̀ ara rẹ̀, igi bọ́ lọ́wọ́ ọ̀kan. Ẹsẹ̀ òsì Tìrìmísíyù wà nínú ààrò láti ọrùn ẹsẹ̀ dé ojúgun. Ṣòkòtò ti jó tán níbẹ̀, awọ ń wú, ó ń bẹ́, ọ̀rá ń ta sínú iná. Ọkùnrin tó ni ẹsẹ̀ náà kò sì kígbe. Kò tilẹ̀ bojú wo ibẹ̀.

"Kì í ṣe èèyàn!" ni ọ̀kan wí. Wọ́n fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Nígbà tí Tìrìmísíyù yíjú sí wọn, ọwọ́ rẹ̀ dẹ̀ díẹ̀, Ẹwàolúwa bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó ń wúkọ́, ó ń rá, ó rí ẹsẹ̀ náà, ó sì ṣubú lẹ́ẹ̀mejì kó tó jáde.

Ó ku Ùsmán. Wọn ò dè é lẹ́sẹ̀. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó wẹ̀yìn.

"Tìrì! Ẹsẹ̀ ẹ ń jó!"

Tìrìmísíyù gbórí sókè. "Ẹsẹ̀ wo?"

Ùsmán padà. Ó fi ọwọ́ dídì náà kọ́ ọ lábẹ́ abíyá méjèèjì.

"Má ká mi!" ni Tìrìmísíyù pariwo. "Fà mí gbọọrọ! Má jẹ́ kí ẹ̀yìn mi tẹ̀!"

Ó fà á gbọọrọ jáde nínú iná, ó sì fẹsẹ̀ da korobá omi lé ẹsẹ̀ náà, èéfín bò wọ́n. Ó bẹ̀rẹ̀ lé e lórí, ó ń wò ó bóyá ó ń mí. Bẹ́ẹ̀ ni Mùsílímátù ṣe wọlé bá wọn. Ohun tó rí ni ọkọ rẹ̀ nílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ àti Ùsmán lórí rẹ̀. Àjẹ̀ ọkọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi gbogbo agbára rẹ̀ là á mọ́ Ùsmán lórí, ó tún là á mọ́ ọn nígbà tó ṣubú, ó gbé e sókè lẹ́ẹ̀kẹta.

"Mùsílí, ó tó!" ni Tìrìmísíyù ké. "Òun ló fà mí yọ! Òun ló fà mí yọ o!"

Ó dúró, àjẹ̀ wà lókè. Ó wo ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀, ó sì bì.

Mọ́tò tó kó ẹja ló gbé àwọn méjèèjì lọ sí Ẹ̀pẹ́. Tìrìmísíyù nà gbọọrọ lórí pákó, Ùsmán jókòó tì í, orí rẹ̀ là, ó ń rọ̀ bí ẹni tó mutí. Mùsílímátù ń ka ohun tó mọ̀ nínú Kùránì, ó ṣì ń ká etí aṣọ rẹ̀ mọ́ àjẹ̀ tí kò rántí sọ sílẹ̀.

Wọ́n gba ẹsẹ̀ náà là, ṣùgbọ́n wọ́n gé àwọn ìka rẹ̀ kúrò, wọ́n sì bu awọ láti itan lẹ̀ mọ́ ojúgun. Ẹsẹ̀ tó ń rìn tẹ́lẹ̀ kò tún lè gbé e bíi ti àtijọ́. Àwọn ọlọ́pàá dé. Wọ́n bi Tìrìmísíyù pé ta ló gún un ní Benson. Ùsmán wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì, orí rẹ̀ wà nínú báńdéèjì, ó ń wò ó.

"Òun ni," ni Tìrìmísíyù wí. "Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Kẹ́ ẹ tún kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun náà ló fà mí jáde nínú iná."

Wọ́n kọ méjèèjì. Adájọ́ gbọ́ méjèèjì, ó sì fi Ùsmán sí ẹ̀wọ̀n. Ìyàwó Ùsmán kò wo ojú Tìrìmísíyù ní kóòtù, òun náà kò wo tirẹ̀.

Kí wọ́n tó kúrò nílé ìwòsàn, Mùsílímátù jókòó tì í, ó sọ ohun tó ti wà lọ́kàn rẹ̀ tipẹ́. "Bàbá Hanifah, ẹ gbọ́. Màá wẹ̀ yín, màá sì bọ́ yín. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tẹ́ ẹ bá tún gbọ́wọ́ sókè sí mi, inú ìyẹ̀wù yẹn ni màá fi yín sílẹ̀ sí, màá sì máa lọ. Mi ò ní yíjú padà."

Ó ní òun gbọ́. Kò tún gbọ́wọ́ sókè sí i.

Ọ̀pọ̀ oṣù lẹ́yìn náà, ní Ẹ̀jìnrìn, ìrora gba ẹ̀yìn rẹ̀ kan bí iná, irú èyí tí oògùn kì í kápá. Mùsílímátù wà nítòsí, ó ń la inú ẹja àrọ̀.

"Ọjọ́ mìíràn wà," ni Tìrìmísíyù wí, "tí mo máa ń rò ó pé ì bá dáa ká ní mo ti ọ̀bẹ yẹn bọ ẹ̀yìn Ùsmán."

Mùsílímátù fọ ọwọ́ rẹ̀, ó wá sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, ó fi ọwọ́ kan gbá èjìká rẹ̀ mú, ó fi èkejì mú ìbàdí rẹ̀, ó sì yí i padà lẹ́ẹ̀kan náà, gbọọrọ, láìjẹ́ kó tẹ̀. Ó fi ìrọ̀rí sáàárín orúnkún rẹ̀ méjèèjì.

"Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?"

"Ó dáa."

Ó padà sídìí ẹja rẹ̀.